Ẹ̀rọ ìránṣọ kan di méjì: èwo gan-an ni ti ìyá wa?

Ọmọ Aránṣọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i. A kò jà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó ni ó ń gbé mi dé ibi tí n kò lérò.

Aránṣọ ni ìyá wa ní Ìbàdàn. Ní 1984 ni wọ́n ra maṣíìnì Butterfly kan, dúdú, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, òun ni wọ́n sì fi tọ́ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni nǹkan ara rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí bàbá kan tí ń tún maṣíìnì ṣe sì ń bá wọn pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́líìtì ló kọ́kọ́ lọ, táyà tí a ń fi ọwọ́ yí tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọ̀pá abẹ́rẹ́. Ní 2003, odidi orí rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Nígbà tí omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 wọ ṣọ́ọ̀bù, pákó tábìlì rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tí a rì sínú tíì, ni a bá lọ kan òmíràn. Irin ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù nígbà náà, ìyẹn náà sì kán ní 2014. Nígbà tí Màámi fi máa papò dà lọ́dún tó kọjá, n kò rò pé ìdè kan ṣoṣo ṣẹ́ kù lára maṣíìnì náà tí ó bá a ti ọjà dé. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ ọ́ rí pé Màámi ti ra maṣíìnì mìíràn.

Ohun tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni pé bàbá tí ń tún un ṣe kò da ohunkóhun nù. Gbogbo ohun tí ó ń yọ ni ó ń kó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ó ń na èyí tó wọ́, tí ó ń jó èyí tó kán pọ̀, títí ó fi tò wọ́n padà di odidi maṣíìnì, tí ó sì tà á fún aránṣọ kan ní apá ibòmíràn nínú ìlú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún àbúrò mi, tẹ̀ríntẹ̀rín, kò sì jẹ̀bi, nítorí Màámi ló ní kí ó máa kó wọn lọ. Àbúrò mi wá ní òun fẹ́ lọ ra maṣíìnì ọ̀hún padà, pé òun gan-an ni ti Màámi, àti pé èyí tó wà ní pálọ̀ mi kàn jọ ọ́ ni.

Mo kọ̀ fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bi mí pé kí ló kù lára tèmi tí ọwọ́ Màámi kàn ní 1984, mo dákẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìwé ìbẹ̀rẹ̀ kan lórí ìmọ̀ òye, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní fìlọ́sọ́fì, ní alẹ́ tí iná bá wà. Mo bá oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ pàdé níbẹ̀: ohun èlò, ìrísí, àbùdá, ìdí, àti jíjẹ́ ọ̀kan náà. Wọ́n ní àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni a fi ń ṣàlàyé bí ayé ṣe rí. Ìbéèrè mi kò pọ̀. Ǹjẹ́ ohun tó wà nínú ayé ni wọ́n ń júwe, tàbí bí àwa ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń júwe? Bí gbogbo wa bá sùn tí a kò jí mọ́, tí maṣíìnì méjèèjì sì wà níbi tí wọ́n wà, ṣé òtítọ́ kan yóò ṣì wà nípa èwo nínú wọn ni ti 1984?

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Ẹ̀yìn wọn yóò dára.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí, àwọn ará àtijọ́ ti bá a jà. Plutarch, ará Gíríìsì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Áténì tọ́jú ọkọ̀ ojú omi tí Theseus, akọni inú ìtàn àtijọ́ wọn, wọ̀, ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ 30 wà, títí di ìgbà Demetrius ti Phaleron, ẹni tí ó ṣàkóso ìlú náà láti 317 sí 307 ṣáájú ìbí Kristi. Bí pákó kan bá ti jẹrà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun tó le dípò rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ yìí di ohun àríyànjiyàn fún àwọn amòye, àwọn kan ní òun náà ni, àwọn kan ní òun kọ́. Thomas Hobbes, amòye ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wá fi ata sí i ní 1655. Ó ní bí ẹnì kan bá ń ṣa àwọn pákó tí wọ́n ń yọ, tí ó sì tò wọ́n padà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà, a ó ní ọkọ̀ méjì tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé bàbá tí ń tún maṣíìnì yín ṣe ni Hobbes ń sọ, ní nǹkan bí 300 ọdún kí wọ́n tó bí bàbá náà.

Èsì tí Hobbes fúnra rẹ̀ fọ̀ sún mọ́ ìbéèrè yín. Ó ní kí a tó béèrè bóyá nǹkan jẹ́ òun náà, kí a kọ́kọ́ wo orúkọ tí a fi ń pè é. Bí ó bá jẹ́ nítorí ohun tí a fi ṣe é ni a ṣe sọ ọ́ lórúkọ, nígbà tí ohun náà bá ti lọ, òun náà ti lọ. Bí ó bá jẹ́ nítorí ìṣíkiri kan tí kò dáwọ́ dúró ni, bí i ti odò, odò náà ni yóò máa jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ń ti orísun kan náà ṣàn wá, bí omi àná tilẹ̀ ti dé òkun.

Ṣùgbọ́n Aristotle, amòye ará Gíríìsì tí ó gbé ayé láti 384 sí 322 ṣáájú ìbí Kristi, kò ní gbà kí ọ̀rọ̀ náà parí sí orí orúkọ. Lójú tirẹ̀, ohun kọ̀ọ̀kan tó wà níwájú wa, ẹṣin yìí, ọkùnrin yìí, ní apá méjì tí a lè fi èrò yà sọ́tọ̀: ohun èlò rẹ̀ àti ìrísí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó lò fún ohun èlò, hyle, igi ni ó túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀ lẹ́nu àwọn ará ìlú rẹ̀, igi tí gbẹ́nàgbẹ́nà ń gé. Ìrísí tí ó ń sọ kì í sì ṣe àwòrán òde nìkan. Ètò tó mú kí igi àti irin yẹn jẹ́ maṣíìnì ni, tí wọn kì í fi í ṣe òkìtì àlòkù irin. Ó tún ní bí a bá fẹ́ mọ nǹkan dáadáa, a ó béèrè ohun tí a fi ṣe é, ìrísí tí a fún un, ohun tó mú un wáyé, àti ohun tí a tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ẹ bi maṣíìnì inú pálọ̀ yín ní èyí tó kẹ́yìn nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Láti 1984 títí Màámi fi fi ọwọ́ rọrí, kò sí ìgbà kan tí kò ránṣọ, àyàfi ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Èkejì wà lórí pẹpẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, apá rẹ̀ níhìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Tiyín ni mo fara mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un, nítorí ó máa ń dùn mọ́ mi nínú. Ọ̀rọ̀ tí Aristotle gbé ka orí gbogbo èyí ni ousia, ohun tó jẹ́ kí nǹkan jẹ́ nǹkan. Láti ara ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Gíríìsì ń lò fún 'wà' àti 'jẹ́' ni ó ti jáde, bí ìwà ṣe jáde láti ara wà nínú èdè tiwa. Lọ́jà Áténì, ousia a tún máa túmọ̀ sí dúkìá ènìyàn. Lọ́dọ̀ wa, ìwà ni ohun tí a fi ń mọ irú ẹni tí ẹnì kan jẹ́. Níbi tí àwọn ará Gíríìsì ti ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, èdè tiwa pín in. A ń sọ pé 'ó wà'. A ń sọ pé 'ó jẹ́' maṣíìnì. A sì ń sọ pé 'òun ni'. Mẹ́ta ni, kò sì sí Yorùbá kan tí yóò fi ọ̀kan rọ́pò èkejì kí etí má ta á. Ìjà ẹ̀yin àti àbúrò yín kò sí lórí 'ó wà', nítorí méjèèjì wà; kò sí lórí 'ó jẹ́', nítorí méjèèjì jẹ́ maṣíìnì. Orí 'òun ni' ni ó wà.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láìmú ìwé lọ́wọ́. Bí mo bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ọkọ̀ náà kò di òmíràn; ìwé rẹ̀ ni ẹni tó ni ọkọ̀ yóò lọ tún ṣe. Mo lè pààrọ̀ ìlẹ̀kùn, ìjókòó, gíláàsì àti ọ̀dà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nọ́ḿbà ṣáásì bá ti yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé, ẹnikẹ́ni tí ó bá wà á yóò ṣàlàyé fún ọlọ́pàá, Aristotle kò sì ní bá a dé àgọ́. Orí maṣíìnì ìránṣọ náà ní nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ṣé rìsíìtì Màámi ṣì wà? Bí ó bá wà, ẹ lọ fi wé e. Ibi tí nọ́ḿbà bá wà ni maṣíìnì wà.

Àdùkẹ́ Olóye:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ẹnì kankan nínú yín tán.

Ọ̀gá, nọ́ḿbà ṣáásì jẹ́ ìdáhùn tó dára, ṣùgbọ́n ta ló pinnu pé orí rẹ̀ ni ìdáhùn yóò wà? Àwọn tó ṣe òfin ni, nítorí wọ́n fẹ́ mú olè. Wọ́n mú apá kan tó ṣòro láti pààrọ̀, wọ́n ní òun ni yóò máa dúró fún odidi ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti mú ẹ́ńjìnnì ni, à bá máa sọ pé ibi tí ẹ́ńjìnnì bá wà ni ọkọ̀ wà. Nítorí náà nọ́ḿbà kò sọ fún wa bí ayé ṣe rí. Ó sọ bí a ṣe fẹnu kò sí i.

Ti Tíṣà ni ó ṣòro jù. Ìrísí tí Aristotle ń sọ, maṣíìnì méjèèjì ló ní in. Bí ìrísí bá tó láti fi mọ̀ pé òun ni, a jẹ́ pé gbogbo Butterfly tó wà lọ́jà ni ti Màámi. Ìdí nìyẹn tí Tíṣà fi ní láti fi ohun mìíràn tì í lẹ́yìn: pé tiyín kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Mo gbà pé ohun ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrísí mọ́, ìtàn ni. David Hume, amòye ará Scotland, ti rí i ní 1739. Ó ní bí pákó ọkọ̀ bá ń yí padà díẹ̀díẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ sí òpin kan náà, èrò wa a máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan sí òmíràn láìkọsẹ̀, àwa a sì máa pe ìyọ̀gẹ̀rẹ̀ yẹn ní ọ̀kan náà. Ó fi ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣàpẹẹrẹ, tí a fi bíríkì kọ́, tí ó wó, tí àwọn ọmọ ìjọ sì fi òkúta kọ́ ọ padà ní àrà tuntun. A ṣì ń sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí méjèèjì fi pàdé ju àwọn ọmọ ìjọ lọ. Hume wá tọ́ka sí ohun kan tí ó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n: àkọ́kọ́ ti wó tán kí èkejì tó dé, nítorí náà ojú wa kò rí wọn ní méjì rí. Ẹ̀yin ni ojú yín ti rí wọn ní méjì. Bí bàbá yẹn bá ti da àwọn àlòkù irin náà nù, àbúrò yín ì bá má la ẹnu. Ẹ rò ó wò: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, tí kò fọwọ́ kan maṣíìnì yín rárá, ni ó wá sọ 'òun ni' di iyèméjì.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà ní ilẹ̀ Jàpáàn. Ojúbọ Ise, gbogbo 20 ọdún ni wọ́n ń kọ́ ọ tuntun pátápátá sí ilẹ̀ kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti 2013 ni ìkejìlélọ́gọ́ta. Igi tí wọ́n bá tú lára ti àtijọ́, wọ́n a máa pín in fún ojúbọ mìíràn káàkiri ilẹ̀ náà láti fi tún tiwọn ṣe. Kò sí ẹni tí ń tẹ̀ lé igi yẹn lọ, kí ó ní ibí ni Ise wà báyìí. Níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìsìn ni 'òun ni' ń bá lọ.

Ṣé mo wá ń sọ pé ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo rẹ̀? Rárá o. Pé pákó wú nínú omi, ọ̀rọ̀ kọ́. Pé irin kan ti ibẹ̀ dé ibí, tí òmíràn kò dé, ọ̀rọ̀ kọ́. Bí gbogbo wa bá sùn tí a kò jí mọ́, ìtàn méjì yóò ṣì wà nílẹ̀: ọ̀kan jẹ́ ìtàn irin àti igi tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ sí òmíràn, èkejì jẹ́ ìtàn iṣẹ́ tí kò dáwọ́ dúró. Méjèèjì jẹ́ òtítọ́, a sì lè mọ̀ wọ́n. Ohun tí kò sí nílẹ̀, tí kò ní sí nílẹ̀ bí kò bá sí ènìyàn, ni pé kí orúkọ Màámi tẹ̀ lé ọ̀kan kí ó fi èkejì sílẹ̀. Kò sí òtítọ́ kẹta tó fara pamọ́ sábẹ́ méjì yìí tí a ń wá kiri. Ibi tí mo fìdí mọ́ nìyẹn, mo sì mọ̀ pé Tíṣà yóò bá mi wí.

Ọmọ Ilé-Ifẹ̀:

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un. Ní 1986, Barry Hallen àti Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n ti jọ kọ́ni ní fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ifẹ̀, gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá àwọn oníṣègùn wa sọ. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ náà 'mọ̀' lẹ́nu àwọn àgbà yẹn le ju bí àwọn ìwé òyìnbó ṣe ń lo ti wọn lọ. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni mo mọ̀. Ohun tí a sọ fún mi, bí ó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó, mo gbà á, mo sì gbọ́ ọ ni, ìyẹn ni 'gbàgbọ́'. Ẹ̀yin méjèèjì kò tíì rí maṣíìnì kejì. Ẹ gba ọ̀rọ̀ bàbá náà gbọ́ ni. Ẹ lọ wò ó kí àríyànjiyàn tó tẹ̀ síwájú.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

Àdùkẹ́, n kò ní bá ọ wí, ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè. Bí 'òun ni' bá jẹ́ ibi tí àwa fi orúkọ sí, ṣé bí ó ti rí fún maṣíìnì ni ó rí fún igi ìrókò? Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀ fún ìrókò, ṣé ó rí bẹ́ẹ̀ fún ìwọ alára? John Locke, amòye ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ẹ̀dà kejì ìwé rẹ̀ lórí òye ènìyàn, tó jáde ní 1694, ya àwọn nǹkan yìí sọ́tọ̀. Ó ní igi tó ti kékeré di ńlá, tí wọ́n gé ẹ̀ka rẹ̀, igi kan náà ni, nítorí ẹ̀mí kan náà ni àwọn apá tí ń wọlé àti èyí tí ń jáde ń pín. Kò sí ẹni tó ń fún ìrókò ní ẹ̀mí yẹn nípa fífẹnu kò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tún ara rẹ̀ ṣe. Maṣíìnì ní láti dúró de bàbá kan kí ó wá tún un ṣe. Mo rò pé ibẹ̀ ni Aristotle ti jàre: ohun ẹlẹ́mìí ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ ousia tó múná jù, kì í ṣe ohun tí a fi ọwọ́ ṣe.

Àdùkẹ́ Olóye:

Tíṣà, mo gba ti ìrókò láìjanpata. Ohun tí a fi ọwọ́ ṣe ni mo ń sọ.

Ti ènìyàn ni mo fẹ́ kí a rọra dé. Locke ní jíjẹ́ ẹnì kan náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a nílò fún ìdájọ́: ta ni a ó bi, ta ni a ó fìyà jẹ, ta ló jẹ gbèsè. Nítorí náà ó gbé e ka orí mímọ̀ tí ènìyàn mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é. Ẹ wá wo tiwa. Bí ìyá àgbà bá kú, tí a sì bí ọmọbìnrin, a ó sọ ọ́ ní Yétúndé, a ó sì máa pè é ní ìyá mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbé ìwé gbèsè ìyá àgbà lọ bá ọmọ ọwọ́. Bọ́lájí Ìdòwú, onímọ̀ ẹ̀sìn, kíyè sí i nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀sìn Yorùbá tó jáde ní 1962 pé ẹni tó papò dà lè padà wá nípasẹ̀ ọmọ tó ju ọ̀kan lọ, kí àwọn ará ilé sì tún máa lọ ké pè é ní ojú oórì pé ó ṣì wà ní ọ̀run. Bí 'òun ni' tí a ń sọ nígbà náà bá jẹ́ ti ìṣirò, níbi tí ohun méjì tó bá dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀kẹta ti gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ara wọn, ọ̀rọ̀ náà ti dàrú, nítorí bí ìyá àgbà bá jẹ́ Yétúndé ti Ìbàdàn, tí ó sì tún jẹ́ Yétúndé ti Èkó, a jẹ́ pé Yétúndé méjèèjì jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo, èyí tí àwọn ìyá wọn kò ní gbọ́ sétí. Kò dàrú fún wa, nítorí kì í ṣe 'òun ni' ti ìṣirò ni a ń sọ. Ohun kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti dé, ìyẹn ni a ń sọ, a sì ń fi sọ bí a ó ṣe máa ṣe sí ọmọ náà.

Ọmọ Aránṣọ, ṣé Yétúndé wà nínú ilé yín?

Ọmọ Aránṣọ:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ṣe bí Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ṣe wí: èmi àti àbúrò mi lọ ní Sátidé. Mo mú rìsíìtì 1984 lọ́wọ́ nítorí Ọ̀gá.

Obìnrin tó ni maṣíìnì náà gbà wá dáadáa. Ó ti lò ó fún ọdún mẹ́sàn-án, kò sì ní tà á, ó sọ ọ́ fún wa ká tó jókòó. Nọ́ḿbà ara orí rẹ̀ bá ti rìsíìtì mu, láti èyí àkọ́kọ́ dé èyí ìkẹyìn. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n pákó tábìlì rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Èyí tó wú lọ́jọ́ omíyalé kò ṣeé tún ṣe, bàbá náà ti fi í dá iná, òmíràn ni ó sì fi sí i. Nítorí náà maṣíìnì tí a ń pè ní ògidì, òun náà ti ní àtúnṣe lára.

Bí a ṣe ń dìde ni mo rí ohun kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a fi ń yan gígùn ojú ìrán, àmì kútẹ́ẹ̀sì pupa kan wà, kékeré bí orí ìṣáná. Màámi ló fi síbẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n fẹ́ràn láìsí gíláàsì lójú. Àbúrò mi gbé ìka lé e, kò sì tètè gbé e kúrò.

Nígbà tí mo délé, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí tèmi. Àmì náà wà níbẹ̀, ní ojú ibì kan náà, lára orí tí wọ́n gbé wá ní 2003. Màámi ti tún un fi sí i. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi.

Àdùkẹ́, Yétúndé wà. Ọmọ àbúrò mi yìí náà ni, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n bí i, òun ló sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ohun tí ọmọ náà gbé bọ̀ láti 1984. Mo rán an létí èyí. Ó ní n kò gbọdọ̀ fi ọmọ wé irin, èsì yìí sì jọ ti Tíṣà gan-an. Ní ti fọ́tò, ó ní àmì kútẹ́ẹ̀sì kò jẹ́rìí sí nǹkan kan, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní kútẹ́ẹ̀sì lè kàn án síbẹ̀. Mo wá bi í pé kí ló dé tí òun fi ọwọ́ lé ti ọ̀hún pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Láti àná ni mo ti ń retí èsì.